Ọkọ̀ Kékeré Ti Parí, Ẹ Gbé Ńlá Rẹ̀ Wá

Ilé Àmọ̀dá Olóbì,
Ọ̀tà.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Sírájúdéènì ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ilé kí ọ, ọ̀nà kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, àwọn adìẹ rẹ̀ náà kí ọ, àfi ọ̀kan tó ń bá mi ṣọ̀tá, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ire ní Èkó, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n bá ọ nílé, kí ọwọ́ rẹ sì ṣófo láti gbà á. Ìkíni tó kù wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ òwò kì í jókòó de ìkíni. Ohun tó ti bàjẹ́ nìyí, àti àwọn tó mọ̀ sí i.

Gbàǹja gbogbo ẹgbẹ́ wa wà nínú pálọ̀ mi, agbọ̀n lórí agbọ̀n, ó kù díẹ̀ kó kan àjà, kòkòrò sì ti wọ inú èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Èmi mọ̀, ìyá rẹ mọ̀, Fàtímọ̀ inú ẹgbẹ́ wa náà sì ti mọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́rí Láwàlì kò gbé ẹrù wa lọ sí Èkó mọ́, gbogbo ọjà ló mọ̀. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ti parí, gbogbo Ọ̀tà sì ti gbọ́ pé ńlá rẹ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ńlá náà kò tíì dé. Ìwọ nìkan ló mọ ìdí tí kò fi dé, torí Apápá níbi tí àwọn ọkọ̀ ń sùn sí ni ìwọ ti ń ṣe akọ̀wé, o sì dákẹ́ bí ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀. Mo sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀.

Ìdí pẹ̀lẹ́bẹ̀ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ, nítorí náà màá bẹ̀rẹ̀ láti orí orókùn mi. O ti gbọ́ pé ẹ̀yìn lọ́rí Láwàlì ni mo ti já bọ́ ní oríta Sàngó. Ẹsẹ̀ mi kan ti wà lórí lọ́rí, ìkejì ṣì wà nílẹ̀, ó tẹná, ó lọ. Èmi tí mo kórìíra ìfàsẹ́yìn ju gbogbo ará Ọ̀tà lọ, èmi ni mò ń sọ ọ́ fún ọ pé ìkánjú tiẹ̀ ti kọjá àlà. Agbọ̀n gbàǹja mi fọ́n ká sí títì, àwọn èrò Sàngó bá mi ṣà á, àpò ara wọn ni wọ́n ń ṣà á sí. Láwàlì wá padà, mo rò pé ó fẹ́ kí mi kú ìfarapa ni, àṣé owó ọkọ̀ agbọ̀n ló wá gbà. Ó ní agbọ̀n wọkọ̀, pé bí ẹni tó ni agbọ̀n kò bá wọkọ̀, ìyẹn kò kan òun.

Orókùn wú bí igbá. Oníṣègùn eegun wá, ó fi igi dì í, ó ní kí n jókòó sójú kan títí òun á fi ní kí n dìde. Sírájù, ṣé èmi ni wọ́n ń sọ fún pé kí n jókòó sójú kan? Èmi tí mo ti ń ra kòkó fún òyìnbó nígbà tí wọn ò tíì bí Láwàlì, tí òyìnbó náà fúnra rẹ̀ jókòó tì mí, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe òwò: mọ ohun tó wọlé, mọ ohun tó jáde, má sì jẹ́ kí ẹrù sùn. Mo jókòó, mò ń ka igi àjà. Nígbà tí igi àjà tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka àwo ìyá rẹ, mo ń bi í léèrè èyí tó fọ́. Ó ní bí mo bá tún ka àwo òun lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á kó lọ sí ilé ìyá òun ní Jojú, kí n máa rí ohun tí mo máa kà.

Ìgbà yẹn ni àpótí rẹ dé. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi ńlá ló wà lójú rẹ̀, ìgbòkun rẹ̀ funfun, omi ń ta sókè níwájú rẹ̀. Mo ṣí i. Igi gígùn kan wà nínú rẹ̀ bí eegun ẹ̀yìn ẹja, àwọn igi wẹ́wẹ́ bí ìhà ẹja, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, okùn tí kò ju òwú ìránṣọ lọ, aṣọ ìgbòkun, ìdákọ̀ró tí kò tó èékánná, ìgò gọ́ọ̀mù kan, àti ìwé ńlá tí wọ́n ṣẹ́ po. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé ohun ìṣeré ni, pé kí n máa kàn án kí ọwọ́ mi má baà dilẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi á fi san, pé àwọn òyìnbó àgbàlagbà ní Apápá náà ń kàn án bí wọ́n bá ti iṣẹ́ dé.

Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Kò sí ọmọ gidi tó máa fi ohun ìṣeré ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ tó ti gbé ìwọ̀n kòkó. O kọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn ará pọ́sítọ́fíìsì má baà mọ ohun tó wà nínú àpótí kí wọ́n fi ṣe tiwọn. Ọgbọ́n ni, ọ̀dọ̀ mi lo sì ti kọ́ ọ. Ìyá rẹ ní bóyá ohun tí ọmọ kọ náà ló ní lọ́kàn. Mo ní ìyẹn ni kò jẹ́ kó di olówó.

O kò ní rántí, ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà tí àdúgbò wa fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí tuntun. Ọ̀gá kọ́lékọ́lé tó wá láti Abẹ́òkúta kò kọ́kọ́ gbé bíríkì wá. Mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí ó fi pákó ṣe ló gbé wá, ó gbé e ka orí ẹní níwájú àwọn àgbà, ibi ìpèrun rẹ̀ kò ju ìka lọ. Àwọn àgbà yí i wò, wọ́n ní kó sún fèrèsé kan sí ọ̀tún, ó sún un. Kò pẹ́, ńlá rẹ̀ dúró, fèrèsé rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, inú rẹ̀ ni mo ti kírun láàárọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ọ̀làjú nìyẹn, kékeré á ṣáájú, ńlá á tẹ̀lé e. Ẹni tó bá rí kékeré tó ní kò sí ńlá, kò tíì bá ẹni gidi da òwò pọ̀ ni.

Nítorí pé gẹ̀ẹ́sì ni ìwé inú àpótí náà, mo ránṣẹ́ pe Tíṣà Adédùntán, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìjoko tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé ẹ̀yìn ọjà. Ó kà á fún mi, ó dé ibì kan, ó ní wọ́n kọ ọ́ pé ínṣì kan lára ọkọ̀ yìí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni lára ọkọ̀ gidi. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Inú mi dùn dé ibi tí mo gbàgbé orókùn mi, mo fò dìde, orókùn rán mi létí. Ní gbogbo ọdún tí mo fi bá òyìnbó ṣòwò, n kò rí kọ́ńpìnnì tó ń gba ínṣì kan lọ́wọ́ èèyàn kó tó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ dá a lóhùn. Tíṣà ní rárá o, Bàbá, ohun tí ìwé ń sọ ni bí ti kékeré ṣe kéré sí ti ńlá tó, pé ìṣeré ni wọ́n ń fi ṣe. Mo bi í pé ṣé ọkọ̀ gidi wà tàbí kò sí. Ó ní ó wà. Mo bi í pé ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tàbí wọn kò kọ ọ́. Ó ní wọ́n kọ ọ́. Mo ní ó ti tó, kó jókòó, kó jẹ gbàǹja. Tíṣà mọ̀wé, òwò ni kò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò kan nǹkan rí láyé mi ju ilẹ̀kùn ilé adìẹ lọ, ilẹ̀kùn náà kò sì pa dé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń to iṣẹ́, kò sí iṣẹ́ tí kò lè ṣe. Mo to ìhà ọkọ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, mo gbé e sókè fún ìyá rẹ wò. Ó wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní baba Sírájù, ṣé ọkọ̀ ni tàbí ibùsùn aláìsàn? Mo ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n ẹja tí òun là láàárọ̀ yìí, ìhà rẹ̀ kò dojú kọ ibi tí ti ọkọ̀ mi dojú kọ. Mo lọ wo ẹja náà. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un tò.

Àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi bo ìhà rẹ̀, wọn kì í tẹ̀, ṣe ni wọ́n ń ṣẹ́. Èyí tó pọ̀ ti ṣẹ́ kí Tíṣà tó rántí kà á sí mi létí pé wọ́n ní ká kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Ìkòkò ẹ̀kọ ìyá rẹ ló wà nítòsí, mo rẹ ẹ́ sínú rẹ̀, ó sì tẹ̀ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀kọ ọjọ́ kejì ń rùn bí igi, èmi ni mo mu tèmi láìsọ̀rọ̀. Gọ́ọ̀mù inú ìgò yẹn ńkọ́, àwọn tó rọ ọ́ síbẹ̀ rò pé èèyàn kì í ṣàṣìṣe. Ìdajì rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ìdajì tó kù ló lẹ àtàǹpàkò mi mọ́ tábìlì, tí mo fi jókòó tì í títí wọ́n fi bu omi gbígbóná wá. Nígbà tó tán, mo ní kí wọ́n bá mi wá àtè tí àwọn apẹyẹ máa ń fi mú ẹyẹ. Sọ fún àwọn òyìnbó rẹ pé àtè wa lẹ̀ ju gọ́ọ̀mù wọn lọ. Ó tiẹ̀ lẹ̀ jù. Mo gbé ọkọ̀ sá sóòrùn, adìẹ ìyá rẹ, èyí pupa, fò lé e, kò sì lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó wà lórí ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ìgbà tí a fà á kúrò, ìyẹ́ ìdí rẹ̀ dúró sẹ́yìn. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì, adìẹ náà kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ìlú nìyí. Àwọn ẹgbẹ́ olóbì wá kí mi nítorí orókùn. Fàtímọ̀ ló ṣáájú wọn, obìnrin tó lè dúró ní òdìkejì ọjà kó wo agbọ̀n, kó sì sọ fún ọ ibi tí kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n bá ọkọ̀ lórí tábìlì. Mo sọ ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí fún wọn, mo sọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé. Fàtímọ̀ ní Bàbá Olóbì, ẹ tún ibi ínṣì yẹn sọ. Mo tún un sọ. Ó ní ṣé bí àwa bá fi ínṣì kan kún un níhìn-ín, wọ́n á fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ kún un lọ́hùn-ún? Mo ní ohun tí òyìnbó bá kọ, ó kọ ọ́ náà ni.

Sírájù, n kò fi falẹ̀ rárá. Lójú ẹsẹ̀ ni mo pa á láṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ ààyè fún agbọ̀n rẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá, kó mú igi tirẹ̀ wá, ká fi mú un gùn sí i. Bí àjọ ni, ẹni tó bá dá ló ń kó. Ẹnì kan mú ọmọ odó wá, ẹnì kan mú èkù àdá, ìyá arúgbó kan yọ ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó rẹ̀, ilẹ̀ ló sì ń jókòó sí títí di òní. Fàtímọ̀ gbé odidi ọ̀pá tí wọ́n fi ń já obì wá, ó ní òun kì í ṣe oní-ínṣì-kan. Mo gé eegun ẹ̀yìn ọkọ̀ láàárín, mò ń fi tiwọn bọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń dé. Ọkọ̀ kọjá tábìlì, ó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ní báyìí imú rẹ̀ wà ní pálọ̀, ìdí rẹ̀ wà ní yàrá, ìyá rẹ ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ bó bá ń lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ ló sì tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀, nítorí pé ìwé kò sọ nǹkan kan nípa ìbú, gígùn nìkan ni mo fi igi ẹgbẹ́ kún.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni a ránṣẹ́ sí Láwàlì pé a dúpẹ́, kó lọ máa fi lọ́rí rẹ̀ ru igi ìdáná. Ó rán ìránṣẹ́ padà, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ̀, ṣé inú ìkòkò ẹ̀kọ ni ọkọ̀ wa máa gbà dé Èkó? N kò mọ ẹni tó sọ ti ìkòkò fún un. Mo fura sí ìyá rẹ.

Ó ku kápúténì. Nínú àwòrán wọn, kápúténì kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Àpọ́nlé agbẹ́gilére, tí àwọn baba rẹ̀ ti ń gbẹ́gi ní Ọ̀tà láti ayébáyé, wá wò ó, ó ní àbùkù gbáà ni. Ó ní òun kò gbẹ́ olórí kó kéré sí ìránṣẹ́ rẹ̀ rí, àti pé orí ló gbọdọ̀ tóbi jù lára rẹ̀, torí inú orí ni ọ̀nà Èkó wà. Ó wá gbẹ́ tiwa. Orí rẹ̀ tó ọsàn, fìlà rẹ̀ ga, ojú rẹ̀ yọ síta, ó mú awẹ́ gbàǹja lọ́wọ́, àwọn atukọ̀ kò sì ga ju orókùn rẹ̀ lọ. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Àpọ́nlé ní ká má ṣe yọ ìyẹ́ adìẹ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, pé ó fún un ní iyì. Ìyá rẹ ní kápúténì náà jọ mí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìyìn ló fi ṣe, ṣùgbọ́n mo gbà á bí ìyìn. Tíṣà tún dé, ó ní Bàbá, bí ínṣì kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́jọ lóòótọ́, kápúténì yín gidi á ga ju ilé alájà lọ. Mo ní ìyẹn dára, á máa rí ọ̀nà.

Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, a gbé ọkọ̀ lọ sí odò Ìjù láti dán an wò. Àwọn ọkùnrin rù ú léjìká bí òpó ilé, wọ́n gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹgbẹ́ olóbì tẹ̀lé wa pẹ̀lú orin. Ẹnì kan nínú wọn ní odò Ìjù kò jìn tó kí ọkọ̀ ńlá gba ibẹ̀. Mo ní ìwọ, ṣé o kò tíì ti ọwọ́ bọ korobá omi rí? Ṣé omi kì í gòkè fúnra rẹ̀? Ọkọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá wọ odò Ìjù, omi á gòkè dé ibi tó bá yẹ kó gòkè dé.

A gbé e lé omi. Sírájù, ó dúró. Ojú mi ló ṣe é, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Aṣọ ìgbòkun gba afẹ́fẹ́, Àpọ́nlé pariwo, Fàtímọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ọkọ̀ náà sì lọ níwájú tó ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni orí kápúténì rò ó pé òun fẹ́ wo omi. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó tẹ̀ sí i, gbogbo ọkọ̀ dojú dé, ẹsẹ̀ kápúténì ló kù lókè pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ. Mo ti mọ ohun tó fà á: kápúténì wà lórí ìdúró. Bí wọ́n bá ń kan ńlá, kí wọ́n fún un ní àga.

Àfi bíi pé ẹnì kan ránṣẹ́ pè é, Láwàlì yọ lórí afárá. Ó dá lọ́rí dúró pẹ̀lú èrò kíkún, ó yọ orí síta, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ṣé kí òun gbé kápúténì yín dé Sàngó, òun kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti mumi yó. Gbogbo lọ́rí bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan nínú tiwa náà rẹ́rìn-ín, mo rí wọn, mo sì mọ igi tí oníkálukú wọn mú wá. Ìyẹn kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ohun tó sọ kẹ́yìn. Ó ní kí òun tó gbé agbọ̀n ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa mọ́, Àmọ̀dá gbọ́dọ̀ wá sí oríta Sàngó lọ́jọ́ ọjà, kó di ẹ̀yìn lọ́rí òun mú, kó tọrọ ààyè lójú gbogbo ayé. Ó fọn fèrè, ó lọ.

Fàtímọ̀ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó bá mi fa kápúténì jáde nínú omi, ó fi gèlè rẹ̀ nù ún lójú. Nígbà tí a délé, ó ṣí agbọ̀n tirẹ̀ nísàlẹ̀ pálọ̀, ó fi ọwọ́ tú ewé, ó rí kòkòrò, ó tún ewé dé e. Ó ní Bàbá Olóbì, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹrù kì í sùn. Ẹrù mi ti sùn, ó ti ń hanrun. Ó ní òun fún ọkọ̀ ojú omi ní Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá dé ní Ọjọ́bọ̀, òun á lọ bá Láwàlì, ẹgbẹ́ á tẹ̀lé òun, wọ́n á sì wá olórí mìíràn tí kò ní kan ọkọ̀. Kò pariwo rárá. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi.

Èmi kì í ká ọwọ́ gbera. Láàárọ̀ àná mo fi ọ̀pá tilẹ̀ dé pọ́sítọ́fíìsì, mo ní kí akọ̀wé fi tẹlifóònù pe Apápá fún mi. Ó ní ta ni ní Apápá. Mo ní ẹni tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó ṣe é títí, ó gbé e fún mi. Òyìnbó kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. N kò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò, mo sọ gígùn ọkọ̀ wa fún un, mo sọ ti àga kápúténì, mo sọ ti odò Ìjù, mo ní Ọjọ́bọ̀. Ó kọ́kọ́ ń pariwo bí ẹni tí ohun tó gbọ́ yà lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ pátápátá. Mo mọ̀ pé ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, mo wá rọra ń tún un sọ kó lè kọ ọ́ tán. Akọ̀wé ní ó ti gbé e sílẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó gbé e sílẹ̀ lójú ìwé.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Tíṣà Adédùntán ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ọkọ̀ ojú irin ló máa wọ̀ láti Ìjoko láàárọ̀ ọ̀la. Má jẹ́ kó sọ tirẹ̀ fún ọ kí o tó ka tèmi. Okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gígùn ọkọ̀ wa gan-an ni. Gbé e lọ bá àwọn tó ni àpótí, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí wọ́n má yọ ọ̀pá Fàtímọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí wọ́n má sì fi kápúténì oníhóró-ẹ̀wà rọ́pò tiwa. Bí wọ́n bá ní a ti ba àwòrán àwọn jẹ́, sọ fún wọn pé ẹni tó ń lo nǹkan ló mọ bó ṣe yẹ kó rí, àní àwọn àgbà àdúgbò wa sún fèrèsé. Fi gọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kó pọ̀ o, torí ìyá rẹ ti ní àtè kò gbọdọ̀ wọ ilé òun mọ́. Fi owó díẹ̀ sí i kí a fi bọ́ àwọn atukọ̀ bí wọ́n bá gúnlẹ̀. N kò dá iye kan fún ọ, ọmọ tó mọ inú baba rẹ̀ kò nílò kí wọ́n máa dá iye fún un.

Ìkíni tó kù nìyí. Ìyá rẹ ní ṣé ò ń jẹun, ó ní kí o má máa sun ojú afẹ́fẹ́ òkun. Orókùn mi ti ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọlọ́run tó gbé ọkọ̀ Ànábì Núhù lé omi tí kò sì jẹ́ kó dojú dé, á gbé ọ lé ọwọ́ àwọn ọ̀gá rẹ. Orí rẹ kò ní wúwo ju ẹsẹ̀ rẹ lọ. Ibi tí o bá ti já bọ́, wọn kò ní wa ọkọ̀ lọ kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀. Wàá ní ilé ní Èkó, wàá sì rántí ọ̀nà Ọ̀tà. Àmín.

Ó wá di ọ̀rọ̀ àṣekágbá. Fàtímọ̀ fún mi ní Ọjọ́bọ̀, èmi fún ọ ní Ọjọ́rú, kí oòrùn tó wọ̀, torí n kì í dúró de ọjọ́ ìkẹyìn. Kí ọkọ̀ ojú omi náà ti dé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn kọ́ńpìnnì bá ní ọkọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè yá títí di Ọjọ́rú, má bá wọn jà, mo mọ bí iṣẹ́ igi ṣe ń gba èèyàn lákòókò. Ìwọ sáà wá lọ́rí kan ní Èkó, èyíkéyìí tó bá ní táyà mẹ́rin, kó wá kó gbàǹja yìí ná. Kó má gba Sàngó. Kó gba ọ̀nà Ìjoko wọlé, kó má sì fọn fèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi awakọ̀ náà níbi tó ti wá, kó sọ pé kápúténì ló rán òun ṣáájú.

Bàbá rẹ,
Àmọ̀dá Olóbì.